Àtàǹpàkò Ọ̀gá Haverkamp

Ọlọ́run dá ènìyàn, ó fi ọgbọ́n sí agbárí. Nínú gbogbo ẹni tí mo ti bá pàdé láyé, Ọ̀gbẹ́ni Royce Haverkamp nìkan ló sọ fún aráyé pé ti òun kò sí níbẹ̀, pé inú àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún òun ni Ẹlẹ́dàá kó gbogbo rẹ̀ sí. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ti gbé ní Omaha fún ọdún mọ́kànlélógún, mo sì mọ ọkùnrin náà dáadáa. Bí ẹ bá rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ, ẹ forí jì mí.

Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń yan agbábọ́ọ̀lù fún Àwọn Darandaran, ẹgbẹ́ Omaha nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù. Bí ẹ ṣe mọ̀, ní oṣù kẹrin ọdún ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde ní yunifásítì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ní ìpele méje. Ṣùgbọ́n kí oṣù kẹrin tó dé, nígbà tí òtútù ṣì ń hanni léèmọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ á pàdé ní Indianapolis láti dán àwọn ọmọ náà wò. Wọ́n á wọ̀n wọ́n, wọ́n á díwọ̀n apá àti àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n á ní kí wọ́n fò sókè, kí wọ́n gbé irin. Àwọn àgbàlagbà tó wọ kóòtù á sì jókòó, wọ́n á máa wo àwọn tó wọ ṣòkòtò péńpé.

Eré ogójì yáàdì ni olórí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá sá a ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin àti ààbọ̀, wọ́n á ní ó gbìyànjú. Ẹni tó bá sá a ní 4.4, àwọn àgbà á wá jígí wọn wọ̀. Ẹni tó bá lọ sísàlẹ̀ 4.3, ẹ ó rí ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ tí yóò máa pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù láti ròyìn. Ẹ̀rọ wà tó ń ka àkókò náà, ṣùgbọ́n àwọn ará ìgbà àtijọ́ ṣì ń di aago mú, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí ara ọmọ náà bá kọ́kọ́ mì, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ bó bá kọjá ilà. Àtàǹpàkò kan lè ṣìnà, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń mú ènìyàn bí mẹ́fà lọ, kí wọ́n lè fi ti ẹnìkan wé ti ẹnìkejì.

Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan, nínú òjò, Haverkamp tẹ aago, ohun tí aago rẹ̀ sọ sì bá ti ẹ̀rọ mu régí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni o. Àtìgbà náà ni ayé kò ti gbádùn mọ́. Bí ọdún tuntun bá ti wọlé, ó máa ń fi awọ dúdú ṣe ìbọ̀wọ́ fún àtàǹpàkò náà nìkan, àwọn ìka yòókù á wà níta nínú òtútù. Kì í fi ọwọ́ ọ̀tún bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Igbákejì rẹ̀, Chip Pomeroy, ló ń bá a ṣílẹ̀kùn, òun ló ń bá a ṣí ìgò. Ẹnìkan tiẹ̀ sọ fún mi pé Pomeroy ló ń bá a so okùn bàtà, ṣùgbọ́n mi ò fojú ara mi rí ìyẹn.

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n máa lọ sí Indianapolis, ó pe ìpàdé, ó dìde dúró.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ó ní, “ọlọ́pàá ní ìbọn, dókítà ní abẹ́rẹ́, adájọ́ ní òòlù. Kí ni Omaha ní? Omaha ní èyí.” Ó na àtàǹpàkò náà sókè tòun ti ìbọ̀wọ́ rẹ̀. “Nígbà tí mo bá fi í tẹ aago, àkókò fúnra rẹ̀ á dúró, á bi mí léèrè pé, ‘Ọ̀gá, ṣé kí n máa lọ?’”

Pomeroy ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó ní ojú òun ti kún fún omijé, pé bí òun bá tiẹ̀ kú lónìí, òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e, wọ́n sì ń wo ẹnu ara wọn kí wọ́n lè mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pàtẹ́wọ́ pẹ́. Verna Tuttle ni. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ó ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré sísá nílé ẹ̀kọ́ kó tó wọ iṣẹ́ yìí, ó sì ti wa mọ́tò yí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké Nebraska àti Iowa ká fún ọdún mọ́kàndínlógún, ó ń wá ọmọ tí ẹlòmíràn kò rí. Kò sí ohun mìíràn tó wù ú láyé láti ṣe. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ sì máa parí lẹ́yìn ọjọ́ yíyàn agbábọ́ọ̀lù, Haverkamp ló sì ni kálàmù tó máa fi tọwọ́ bọ òmíràn.

Àṣà wọn nìyí nígbà tí ọmọ kan bá ti sáré tán. Wọ́n á jókòó ní ìlà pẹ̀lú aago lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa lanu. Haverkamp á wo aago rẹ̀, á sọ pé, “4.47.” Nígbà náà ni gbogbo wọn á wá sọ tiwọn, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ 4.47. Pomeroy gbọ́n ju àwọn yòókù lọ, nígbà mìíràn á ní 4.46 lòun ní, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé ọwọ́ òun ló yá jù. Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ jẹ́ kí n ta yín lólobó: láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Pomeroy kò tẹ aago rẹ̀ rí. Verna ní tirẹ̀ máa ń fi pẹ́ńsù kọ tirẹ̀ sí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, á sì dojú ìwé náà bolẹ̀. Wọ́n ní ìwà àfojúdi ni.

Ọmọ tí Verna ń ṣọ́ lọ́dún náà ń jẹ́ Cortland Mims, agbábọ́ọ̀lù láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Iowa tí àgbàdo yí ká, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sí i. Ó ti wò ó fún ọdún mẹ́ta. Ohun tó kọ nípa rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ: “Kò lè sáré ju ẹnikẹ́ni lọ. Bọ́ọ̀lù tó bá súnmọ́ ọn, tirẹ̀ ni.” Ó ní kí wọ́n mú un ní ìpele kẹrin, bí ọ̀run bá gbè wọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí Mims máa sáré, Haverkamp lọ jẹun nílé oúnjẹ àtijọ́ kan láàárín ìgboro Indianapolis, níbi tí wọ́n ti ń gbé edé tútù síwájú ènìyàn pẹ̀lú ọbẹ̀ pupa kan tí wọ́n fi gbòǹgbò tó ń ta ju ata lọ ṣe. Agbáwo kìlọ̀ fún un pé kó kàn fi edé náà kan ọbẹ̀ lórí ni. Haverkamp bi í bóyá ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó fi edé mẹ́fà nu abọ́ ọbẹ̀ náà mọ́ tónítóní, Pomeroy sì yìn ín pé irú ọ̀fun báyìí ṣọ̀wọ́n. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gba pápá lọ.

Ìgbà tí Mims fi máa bẹ̀rẹ̀, tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ lórí ilà, ni ọbẹ̀ náà gòkè dé imú ọ̀gá wa. Omi dà lójú rẹ̀ wìì. Ó fi ọwọ́ òsì wá áńkáṣíìfù, ó nu ojú ọ̀tún, ó nu tòsì. Nígbà tó máa fi ríran, ọmọ ọlọ́mọ ti lọ. Ó tẹ aago ní kíá, ó tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tí Mims kọjá ilà, ó sì gbójú wò ó. 4.19 ló bá níbẹ̀.

Ó wo aago, ó wo òkè, ó tún wo aago. Pátákó ńlá inú pápá ti gbé ti ẹ̀rọ jáde báyìí, 4.61, ṣùgbọ́n ta ló ń wo pátákó? Ó rọra sọ 4.19 náà jáde bí ẹni tó ń gbàdúrà.

“4.19 lèmi náà ní, ọ̀gá,” Pomeroy dáhùn. “Mo tiẹ̀ rò pé aago mi ti bàjẹ́ ni, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu yín.”

Ẹnìkejì ní 4.19. Ẹnìkẹta ní 4.19. Ẹnìkẹrin, tó wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ látìgbà tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀ títí ó fi parí, jókòó, ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì fi ìgboyà sọ pé 4.19 lòun náà ní. Ó wá ku Verna, ó ṣí ìwé rẹ̀.

“Kí lo kọ síbẹ̀?” Haverkamp bi í.

“4.62 ni, sà.”

“Verna, wo ojú mi.”

“Mo ń wò ó, sà. Ó pọ́n.”

Haverkamp kó gbogbo wọn mọ́ra, ó ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rọ ti ṣìnà, pé àwọn ẹgbẹ́ yòókù tó gbẹ́kẹ̀lé ẹ̀rọ kò mọ ohun tó kọjá níwájú wọn. Àwọn mẹ́fà péré ló mọ̀ pé ẹni tó yára jù ní gbogbo ayé wà ní Indianapolis lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n pa ẹnu wọn mọ́. Ó wá yíjú sí Verna, ó ní bí òun bá ṣí ìwé ìjábọ̀ rẹ̀ lórí Mims lọ́jọ́ yíyàn tí òun bá 4.19 níbẹ̀, òun á tọwọ́ bọ ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Bí òun kò bá bá a níbẹ̀, kó padà lọ máa kọ́ àwọn ọmọdé ní eré sísá.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n pe Mims sínú yàrá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Haverkamp ní ìbéèrè kan tó ń bi gbogbo ọmọ, ó sì gbà pé ìbéèrè náà ń tú ọkàn ènìyàn síta: bí o bá jẹ́ ohun ìdáná, kí lo máa jẹ́?

“Ìkòkò ni, sà,” Mims dáhùn. “Wọ́n kàn máa ń gbé e kalẹ̀ ni.”

Haverkamp kọ ọ́ sílẹ̀, ó fà á ní ilà méjì nídìí. Ó wá bi í pé mélòó ló sá lánàá.

“4.61, sà. Ó tiẹ̀ dáa fún mi. Àbúrò mi obìnrin máa ń jẹ́ kí n ṣáájú kó tó kọjá mi.”

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín, ó ṣẹ́jú sí Pomeroy. Ó ní irọ́ ọmọ náà dán, pé ó mọ iyì ara rẹ̀, ó sì ń fi í pamọ́ fún ẹni tó bá lójú. Bí ẹ bá rí ẹni tó ti pinnu láti jẹ́ òmùgọ̀, ẹ má fi òtítọ́ dá a lẹ́kun, á kàn fi bu ọbẹ̀ jẹ ni.

Verna kò sùn dáadáa ní oṣù yẹn. Lójoojúmọ́ á ṣí ìwé ìjábọ̀ náà, á wo ibi tí 4.62 wà, á mú ìrésà, á gbé e kalẹ̀. Ó bà á nínú jẹ́ gidigidi. Ó ń rò ó pé ta ni yóò máa lọ sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyẹn bí òun kò bá lọ mọ́, ó sì ń rò ó pé kí ni òun fẹ́ máa ṣe nílé. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ bó ṣe wà.

Ọjọ́ yíyàn dé. Omaha ló yẹ kó mú ẹnìkọkànlá, ṣùgbọ́n Haverkamp fi ẹ̀tọ́ wọn láti mú ẹni ìpele àkọ́kọ́ ní ọdún méjì tó ń bọ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó wà ní ipò kìn-ín-ní, kí Omaha lè kọ́kọ́ mú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì pe orúkọ Cortland Mims. Àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n ń ṣí ìwé wọn síwá sẹ́yìn, wọn kò rí orúkọ náà títí wọ́n fi dé ojú ewé àádóje. Haverkamp fúnra rẹ̀ gbé fóònù láti fi ìròyìn ayọ̀ náà tó ọmọ náà létí.

“Royce Haverkamp nìyí láti Omaha. A ti mú ọ. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà.”

“Tyler, jọ̀ọ́, mò ń gé koríko,” Mims dá a lóhùn, ó rò pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń bá òun ṣeré, ó sì pa fóònù.

Ó pè lẹ́ẹ̀kejì, Mims tún pa á. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá ọmọ náà ló gbé e, ó ní ẹni yòówù kó jẹ́, kó jẹ́ kí ọmọ òun gbádùn, pé ọjọ́ Sátidé, tí wọ́n máa mú àwọn ìpele ìkẹyìn, ni àwọn ń retí ìpè gidi. Ìgbà tí aládùúgbò sáré wọlé pé òun rí i lórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n tó gbà. Wọ́n ní Mims kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó ní àwọn ènìyàn yìí ti ṣèèṣì.

Ẹni tó ni ẹgbẹ́ Darandaran ni Màmá Agnes Lindqvist, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ọmọ oníṣòwò màlúù. Ó pe Haverkamp, ó ní kó ṣàlàyé. Haverkamp sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, àtàǹpàkò ló sì fi ń nàka sí gbogbo rẹ̀. Màmá gbọ́ ọ tán.

“Royce,” ó ní, “bàbá mi ta màlúù fún ọgọ́ta ọdún. Kò ra ọ̀kan rí láì jẹ́ kí wọ́n mú un rìn lójú òun. Jẹ́ kí ọmọ náà sáré kí n rí i.”

Ẹni tó gbọ́n ì bá wá ibì kan tó pamọ́. Haverkamp ní rárá, gbogbo Omaha ni kó wá wò ó. Ó mú Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún, ó kó ẹgbẹ́ afunfèrè ilé ẹ̀kọ́ wá, ó sì pàṣẹ pé kí pátákó ńlá pápá má ṣe gbé ohun mìíràn jáde, àtàǹpàkò òun àti aago nìkan ni, kó tóbi bí ilé alájà mẹ́ta, kí àwọn ènìyàn lè ròyìn rẹ̀ fún àtọmọdọ́mọ wọn. Ó ní kí wọ́n so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ òun láyà. Gbogbo rẹ̀, òun ló fẹnu ara rẹ̀ pàṣẹ rẹ̀.

Ẹgbàáwàá ènìyàn ló wá. Mims bẹ Haverkamp lẹ́bàá ilà, ó ní ẹsẹ̀ òun nìyí, òun lòun mọ̀ ọ́n, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n má fi òun ṣẹ̀sín. Haverkamp gbá a léjìká pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹgbẹ́ afunfèrè sì fun fèrè sí i.

“Omaha,” ó ní, “lónìí ẹ máa rí ohun tí ẹ̀rọ kò lè rí.”

Mims sáré. Kò sí edé, kò sí ọbẹ̀, ojú ọ̀gá wa gbẹ, ó tẹ aago bó ṣe yẹ. Gbogbo pápá gbójú sókè, wọ́n kà á: 4.64. Obìnrin kan ní ìlà òkè bú sẹ́rìn-ín. Haverkamp ní afẹ́fẹ́ ló dí i lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo àsíá ibẹ̀ ló rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ó ní kó tún un sá. 4.67. Ó ní koríko náà ga jù. Ẹ̀kẹta, 4.73, ọmọ náà dọwọ́ dé orúnkún, ó ń mí hẹlẹ, àwọn ènìyàn sì ti ń fi ohùn kan ka aago náà bí ìgbà tí wọ́n ń kọrin. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń ṣubú lu ara wọn.

Màmá Lindqvist sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó bi Pomeroy pé mélòó ni aago tirẹ̀ sọ ní Indianapolis. Pomeroy wo ẹnu Haverkamp, nítorí ohun tó ti mọ́ ọn lára nìyẹn. Ẹnu náà là sílẹ̀, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

“Mà,” Pomeroy ní, “mi ò tẹ̀ ẹ́.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo wà, mà,” ẹnìkẹrin dáhùn.

Gbohùngbohùn ṣì wà láyà ọ̀gá wa, gbogbo ẹgbàáwàá ènìyàn ló gbọ́ ọ. Màmá wá yíjú sí Verna, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú báàgì rẹ̀, torí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, ẹrù rẹ̀ ló wá kó. Verna mú ìwé jáde, ó fi han màmá. 4.62 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú déètì.

“Ṣé o ò mọ̀ pé iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ ni?”

“Mo mọ̀, mà. Mo tiẹ̀ sunkún.”

“Kí ló wá dé tí o ò yí i padà?”

“Ọmọ yẹn ló sá a, mà,” Verna ní. “Kì í ṣe tèmi tí mo fi máa yí i.”

Màmá dá ìwé náà padà fún un. Ó ní kí Royce máa lọ sílé. Ó sì ní kí Verna gbé báàgì rẹ̀ padà sókè, ṣùgbọ́n kó gbé e sí yàrá ọ̀gá, èyí tó ní fèrèsé ńlá. Haverkamp dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ń retí. Kò sẹ́ni tó ṣí i fún un. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ṣí i fúnra rẹ̀.

Ẹ má ṣàánú rẹ̀ púpọ̀. Kí oṣù kẹjọ tó parí ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ti gbà á, ibẹ̀ ló ti ń ṣàlàyé fún orílẹ̀-èdè yìí ìdí tí àwọn ẹlòmíràn fi ń ṣàṣìṣe. Báyìí ni ayé ṣe rí fún àwọn tó lẹ́nu.

Àwọn kan fẹ́ kí Verna lé Mims lọ kí ìtìjú lè tán. Mims fúnra rẹ̀ wá bá a, ó ní gbogbo ibi tí òun bá dé ni wọ́n ti ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, bóyá kí òun máa lọ. Verna ní, “Ìpele kẹrin ni mo ti fẹ́ ọ. O kàn tètè dé ni. Lọ wọ bàtà ẹ.”

Ní oṣù kẹsàn-án, nínú ìdíje àkọ́kọ́ nílé, ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án, ẹgbẹ́ àlejò sì fi àmì márùn-ún ju Omaha lọ. Omaha ju bọ́ọ̀lù sókè sí òpin pápá, níbi tí ẹni tó bá gbá a mú ti ń gba àmì mẹ́fà. Mims ló dé ibẹ̀ kẹ́yìn, àwọn mẹ́ta láti ẹgbẹ́ àlejò tó yára jù ú lọ ti ń dúró dè é. Gbogbo wọn fò. Ìgbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n tú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù sì wà láyà Mims, ó dì mọ́ ọn gbáà.

Pápá dàrú. Èmi náà pariwo títí ohùn mi fi há. Ní yàrá tó wà lókè, Verna Tuttle ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Pomeroy, tí Verna ṣàánú rẹ̀ tó sì jẹ́ kó dúró lẹ́nu iṣẹ́, súnmọ́ ọn pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

“Mà, mélòó lẹ ní tó fi sá débẹ̀? Kí n lè mọ ohun tí màá kọ.”

“Mi ò díwọ̀n ẹ̀, Chip,” Verna ní. “Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò.”